Idẹ Lára Awọ Dúdú: Ìrìn-àjò sí Ìjemò

Abẹ́òkúta kì í ṣe ìlú kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ ìlú ni, tí ogun lé kúrò nínú igbó Ẹ̀gbá, tí wọ́n wá sá sábẹ́ àpáta Olúmọ ní ọdún 1830, tí oníkálukú sì mú orúkọ rẹ̀, oyè rẹ̀ àti Ògbóni rẹ̀ lọ́wọ́ wá. Ìjemò jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, láti apá Ẹ̀gbá Aláké. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ọmọ Ìjemò pé ọmọ ibo ni, kì í kọ́kọ́ dárúkọ Abẹ́òkúta. Ìjemò ni yóò wí, àfi bí ó bá rí i pé ẹ kì í ṣe ẹni tí ó mọ ilẹ̀.

Àwa mẹ́ta ni a jọ lọ: èmi, àbúrò mi obìnrin, àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń fi tàtú ṣe iṣẹ́ ṣe ní Èkó. Ọkọ̀ ojú irin ni a wọ̀ ní Ẹ̀bùté Mẹ́tà, ó sì já wa sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká sọ, èyí tí ó wà ní ẹ̀yìn ìlú. Láti ibẹ̀ a wọ mọ́tò dé Aké. A kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìjọsìn Pétérù Mímọ́, tí a ń pè ní ìjọ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, a sì fi ẹsẹ̀ rìn ìyókù. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ Abẹ́òkúta ní láti fi ẹsẹ̀ rìn ín. Òrùlé páànù tí ìpata ti sọ di pupa bí ilẹ̀ ni ẹ óò máa rí láti ibi gíga, òkè kan lẹ́yìn òkè kejì, àti láàárín wọn àwọn páànù tuntun díẹ̀ tí oòrùn ń bá ṣeré. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dúró, ó nawọ́ sí àwọn páànù wọ̀nyí, ó ní, “Ẹ wò ó o, ẹ̀gbọ́n mi. Irin kan náà ni gbogbo wọn. Kí ló dé tí ẹ fi mọ̀ láti ibí pé èyí tuntun, èyí ti gbó?” N kò rí èsì fún un nígbà náà.

Ìdí ìrìn-àjò wa kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ìyá ìyá wa, tí ó jáde láyé ní ọdún tí ó kọjá, fi ẹ̀gbà ọwọ́ kan sílẹ̀, idẹ ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n tètè yanjú ọ̀rọ̀ àmì ohùn: ẹ̀gbà tí a ń fi sọ́wọ́ ni mò ń wí, kì í ṣe Ẹ̀gbá tí ó ni Olúmọ. Ẹbí ti jókòó, wọ́n ti pín ogún, ẹ̀gbà náà sì bọ́ sọ́wọ́ ọmọ-ọmọ àkọ́kọ́ lóbìnrin, ẹni tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ń bọ̀ wá mú un ní oṣù Kejìlá. Kò sí ẹni tí ó jà sí i, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí. Ṣùgbọ́n àbúrò mi ni ó tọ́jú màmá ní ọdún mẹ́ta tí ó lò kẹ́yìn láyé. Ọwọ́ tí ó wọ ẹ̀gbà yẹn ni ó máa ń dì mú bí wọ́n bá ń gun àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn. Ó ní bí òun kò bá lè ní i, òun yóò fín in sí ọrùn ọwọ́ òun, ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, kí ẹni tí ó bá rí i lókèèrè rò pé idẹ ni.

Ìyá wa kò fẹ́ gbọ́. Ó ní òun kò rán ọmọ lọ sí yunifásítì kí ó lọ sọ ara rẹ̀ di ògiri tí ọmọdé ń ya nǹkan sí. Ó ní ṣé a kì í rí i nínú ìkéde àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ wa pé wọn kì í gba ẹni tí ó ní tàtú? Àbúrò mi kò fẹ́ wọṣẹ́ ogun rárá, ṣùgbọ́n ìyá ni ìyá ń jẹ́. Níkẹyìn ó ní bí Ìyá Ìjemò bá gbà, òun náà yóò dákẹ́. Mo rò pé ohun tí ó dá a lójú ni pé Ìyá Ìjemò kò ní gbà.

Ìyá Ìjemò ni àbúrò ìyá àgbà wa, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, òun ni ó sì ń tọ́jú ẹ̀gbà náà títí di ìgbà tí olóhun yóò fi dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin afínra náà ní tirẹ̀ ti sọ pé òun kò ní fi abẹ́rẹ́ kan ara ẹnikẹ́ni títí òun yóò fi fi ojú ara òun rí ẹ̀gbà náà nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Ó ní irọ́ ni fọ́tò fóònù ń pa: fóònù òde òní a máa bá ibi tó ṣókùnkùn tan iná, a sì máa bá ibi tó mọ́lẹ̀ jù dín in kù, kí gbogbo rẹ̀ lè tẹ́ ojú lọ́rùn. Ohun tí fóònù bá sì dín kù yẹn ni ó jẹ́ kí irin jẹ́ irin.

Kí a tó wọlé, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí orúkọ Ìjemò ń mú wá sí ọkàn ẹni tí ó bá ka ìtàn. Ní ọdún 1914, Ẹ̀gbá ṣì ní ìjọba tirẹ̀, tí àdéhùn ọdún 1893 pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìdí òmìnira rẹ̀ múlẹ̀. Aláké Gbádébọ̀ kìíní wà lórí oyè, Adégbóyèga Ẹ̀dún sì ni akọ̀wé ìjọba. Àgbàlagbà kan, ará Ìjemò, tí ń jẹ́ Ṣóbíyì Pọ́nládé, kú sí àtìmọ́lé ìjọba yìí. Àwọn ará Ìjemò bínú, wọ́n ní kí Ẹ̀dún kúrò lórí iṣẹ́. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹjọ ọdún náà, àwọn ọmọ ogun tí òyìnbó kó wá yìnbọn fún wọn ní Ìjemò níhìn-ín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kú, Olúwo Ìjemò sì wà lára wọn. Kí oṣù Kẹsàn-án tó parí, àdéhùn 1893 ti di ohun ìgbàgbé, òmìnira Ẹ̀gbá sì ti lọ. Àwọn ọmọ ilé ìwé tí wọ́n ń kọjá lójú ọ̀nà yẹn ní ọjọ́ tí a lọ ń jẹ gúgúrú, wọ́n ń ṣàwàdà.

A bá Ìyá Ìjemò níwájú ilé lórí àga, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, èyí tí ó dára fún un, nítorí ojú tí ìyá fi ń wo apá rẹ̀ tí ó kún fún àwòrán kì í ṣe ojú ọ̀rẹ́. “Ṣé ìwọ ni ó fẹ́ kọ ọmọ mi lára?” Ó ní, “Ẹ má bínú, Màmá, èmi ni.” Ìyá dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó ká apá bùbá rẹ̀ sókè dé ìgbọ̀nwọ́.

Alángbá kan nà gbọọrọ sí apá rẹ̀, orí rẹ̀ kọjú sí ìgbọ̀nwọ́. Ilà kéékèèké ni wọ́n tò pọ̀ tí ó fi di alángbá, dúdú rẹ̀ sì jọ aró ju èédú lọ. Mo ti mọ ìyá yìí láti ìgbà èwe mi, mo sì ti rí alángbá yẹn rí, ṣùgbọ́n n kò wò ó rí. Kólò ni wọ́n ń pe irú fínfín bẹ́ẹ̀. Olóòlà ni ó ń fi abẹ kékeré sín in, gbẹ́rẹ́ lẹ́yìn gbẹ́rẹ́, a ó sì fi èédú kíkúnná ra ojú rẹ̀ kí ó tó jinná. Ó yàtọ̀ sí ìlà ojú, bí abàjà olóòró tí a fi ń mọ Ẹ̀gbá láyé ogun. Ìlà ojú ń sọ ilé tí ènìyàn ti wá. Kólò ní tirẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣọ́, ó sì tún jẹ́ ìdánwò: ọmọbìnrin tí ó bá lè jókòó títí alángbá fi ní ìrù yóò lè fara da ilé ọkọ àti ìrọbí. Àwọn mìíràn a fín igi ọ̀pẹ. Nígbà tí ilé ìwé dé, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí kọ orúkọ wọn sí apá, omi inú èèpo kóró kajú ni àwọn mìíràn fi ń kọ ọ́ títí ara fi bó.

“Mo sunkún,” ni Ìyá wí, “ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́.”

Ó wá ránṣẹ́ sí inú ilé, wọ́n gbé ẹ̀gbà náà jáde nínú aṣọ òkè kékeré kan. Ó nípọn tó ìka àárín. Ihò ilà mẹ́ta yí i ká, ìdọ̀tí ọdún pípẹ́ sì ti dí àwọn ilà náà pa. Kò dán. Ó jọ igi tí a fi epo pa. Ojú àbúrò mi mọ́lẹ̀, nítorí bí ó ṣe rí náà nìyẹn lọ́wọ́ màmá. Ṣùgbọ́n Ìyá Ìjemò kọ̀ jálẹ̀. Ó ní kò sí ọjọ́ Sátidé tí ẹ̀gbọ́n òun kì í fọ idẹ yìí nígbà tí ara rẹ̀ le, ẹni tí ó bá máa ya idẹ ẹ̀gbọ́n òun kí ó ya idẹ, kí ó má ya èérí. Ó ní kí wọ́n mú ọsàn wẹ́wẹ́ wá. Ó gé e sí méjì, ó fi bọ iyanrìn kíkúnná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fọ ìdajì ẹ̀gbà náà. Ìdajì kejì ni àbúrò mi bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi sílẹ̀.

N kò ì tí ì rí ẹ̀kọ́ tí ó yé mi tó èyíinì. Ìdajì kan dúró bí ó ṣe wà: láti ibi tí ó mọ́lẹ̀ díẹ̀ dé ibi tí ó ṣókùnkùn díẹ̀, ojú ń yọ́ lọ ni, bí ìgbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Ìdajì kejì di ohun mìíràn. Funfun gbòò kan wà lókè rẹ̀, tí ojú kò lè gbà. Lábẹ́ funfun yìí, láìsí alárinà kankan, dúdú ni, dúdú tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ìsàlẹ̀ ìkòkò. Lábẹ́ dúdú náà ni pupa ilẹ̀ ojúde wà, nítorí ilẹ̀ ni ó ń wò. Ní etí ìsàlẹ̀ pátápátá, ìlà ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tún wà, èyí tí ó ti ara bùbá funfun ìyá ta padà sí i. Àwọ̀ pupa-rẹ́súrẹ́sú tí gbogbo wa mọ̀ mọ idẹ kò tó ìdá mẹ́ta ojú rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní, “Ẹ rí i báyìí?” Irin dídán kò ní àwọ̀ púpọ̀ tí ó jẹ́ tirẹ̀. Ohun tí ó bá dojú kọ ni ó ń gbé wọ̀. Idẹ kàn ń fi díẹ̀ nínú àwọ̀ ara rẹ̀ pa á láró ni. Bí ó bá tẹ̀ bí ẹ̀gbà, òkè rẹ̀ a rí ọ̀run, ìsàlẹ̀ rẹ̀ a rí ilẹ̀, ojú ìpàdé méjèèjì a sì mú bí ojú abẹ. Èso, aṣọ àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀. Lára tiwọn, ìmọ́lẹ̀ a máa rọra di òkùnkùn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ya irin tí ó wá ń wá ọ̀dà aláwọ̀ idẹ ti ṣìnà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo rántí páànù tí ó béèrè lọ́wọ́ mi lórí òkè. Èyí tí ó ti gbó kò rí ọ̀run mọ́.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti àná. Ní ọdún 1434, ayàwòrán ilẹ̀ Flanders tí ń jẹ́ Jan van Eyck ya tọkọtaya kan nínú iyàrá, ó sì so àtùpà idẹ ẹlẹ́ka púpọ̀ rọ̀ sókè orí wọn. Àwòrán náà wà ní National Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Ẹni tí ó bá wò ó yóò búra pé idẹ ni, bẹ́ẹ̀ kò sí idẹ tàbí wúrà kankan nínú àtùpà yẹn. Ọ̀dà lásán ni, funfun tí a fi ti dúdú. Nílé tiwa, ní ọdún 1938, wọ́n hú àwọn orí idẹ ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ti òkè ojú wá dé àgbọ̀n. Àwọn ará Ifẹ̀ fi ìlà awọ sára idẹ. Àbúrò mi fẹ́ fi idẹ sára awọ.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà sì wà, nítorí awọ kì í ṣe bébà. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ tàtú ń wọlé ní nǹkan bíi mílímítà kan sí méjì, sínú awọ ìsàlẹ̀, níbi tí tàdáwà náà yóò jókòó sí títí ayé. Awọ òkè ni ó bò ó mọ́lẹ̀, inú awọ òkè yìí ni èròjà tí ń mú wa dúdú sì wà. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń wo tàtú lára ènìyàn dúdú, bí ẹni ń wo nǹkan gba inú gíláàsì aláwọ̀ ilẹ̀ ni. Dúdú ń kọjá dáadáa. Yẹ́lò ń kú sọ́nà. Funfun, tí àwọn afínra òyìnbó fi ń parí iṣẹ́ irin wọn, a máa di àwọ̀ tí kò ní orúkọ bí ojú rẹ̀ bá ti jinná; ó lè ṣókùnkùn ju awọ tí ó yí i ká lọ pàápàá. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ti ra àwòrán láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n yà sí ara òyìnbó, tí wọ́n ní kí wọ́n ya irú rẹ̀ gẹ́lẹ́ fún àwọn. Ohun tí ó máa ń jáde jọ ọgbẹ́.

Àwọn kan yóò ní, ṣé kò sí tàdáwà tí wọ́n fi ìyẹ̀fun irin pò ni? Kí irin tó lè dán, ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí afẹ́fẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ lè bà á tààrà, kí ó sì ta padà. Bí a bá sin ín sábẹ́ awọ, kò sí ohun tí yóò ta. Ìdí nìyẹn tí tàtú aláwọ̀ wúrà tí a ń lẹ̀ mọ́ ara fún ọjọ́ ayẹyẹ fi ń dán gan-an: orí awọ ni ó wà, omi ìwẹ̀ ni yóò sì ṣí i kúrò.

Kí ni ó kù nígbà náà? Ọ̀dọ́mọkùnrin náà mú ọwọ́ àbúrò mi, ó gbé e sínú oòrùn. “Funfun mi nìyí,” ni ó wí. Awọ tí a kò fọwọ́ kàn ni yóò jẹ́ ibi tí ó mọ́lẹ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Gbogbo ìyókù, láti orí awọ yẹn sísàlẹ̀, ni a óò máa sọ di dúdú ní ìpele ìpele, pẹ̀lú tàdáwà tí a fi omi là sí mẹ́rin: èyí tó ki gan-an, èyí tó ki díẹ̀, èyí tó ṣàn, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ omi. Bí dúdú bá dúdú tó, awọ tí a dá sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò tàn fúnra rẹ̀. Ojo ni ó máa ń ba iṣẹ́ irin jẹ́ lára awọ wa, kì í ṣe àìní àwọ̀: afínra a máa bẹ̀rù dúdú, a fi eérú kún ibi gbogbo, irin náà a sì di rọ́bà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni a rìn dé Ìtòkú, nítorí ìyá ní kí a bá òun ra aró tí òun yóò fi tún ìró kan rẹ. Mo sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé bóyá àwọn aládìrẹ ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ẹ wo àdìrẹ ẹlẹ́kọ: obìnrin a fi ìyẹ́ adìyẹ bọ ẹ̀kọ láfún, a máa fi kọ aṣọ, a sì rì í sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò ni aró kò ní lè dé. Kò sí ẹni tí ó kun funfun inú àdìrẹ. Aṣọ tí a dáàbò bò ni. Àwọn ọkùnrin Abẹ́òkúta tilẹ̀ máa ń gé páànù ní ìgé àwòrán, wọ́n á gbé e lé orí aṣọ, wọ́n á sì fi ẹ̀kọ ra á kọjá kí iṣẹ́ lè yá. Lónìí, ìda àti aró òyìnbó ló pọ̀ ní Ìtòkú, àwọ̀ rẹ̀ sì ti di oríṣiríṣi tí ó ń pa ojú. N kò bá wọn jà, ọjà ni. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin náà dúró pẹ́ níwájú aṣọ aláró kan tí ó ti pẹ́, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ àwọn ibi funfun rẹ̀ bí ẹni ń ka owó.

Àríyànjiyàn tí ó kù ni pé: idẹ tí a fọ̀ ni tàbí idẹ tí a kò fọ̀? Ìyá Ìjemò fẹ́ èyí tí a fọ̀. Àbúrò mi fẹ́ èyí tí ó mọ̀, èyí tí ọwọ́ gbígbọ̀n màmá kò lè fọ̀ mọ́. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lórí idẹ, nítorí omi ti ń dà lójú àwọn méjèèjì. Ìyá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó ń jó ní ọjọ́ Sátidé; àbúrò mi ń sọ̀rọ̀ àgbàlagbà tí a ń gbé gun àtẹ̀gùn. Afínra kò dá sí i. Nígbà tí wọ́n dákẹ́, ó ní kí wọ́n fún òun ní ẹ̀gbà náà, ó fi aṣọ gbígbẹ nu ìdajì tí a kò fọ̀, kì í ṣe pẹ̀lú ọsàn, aṣọ lásán. Orí àwọn òkè tí ó wà láàárín ilà mẹ́ta náà dán díẹ̀, inú ilà sì dúdú síbẹ̀. “Bí idẹ tí a ń wọ̀ lójoojúmọ́ ṣe máa ń rí nìyí,” ni ó wí. “Aṣọ àti ara ló ń fọ̀ ọ́.” Àwọn méjèèjì wò ó. Ìyá ní, “Hẹn. Bí ó ṣe máa ń rí ní ọjọ́ Tọ́sìdeè nìyẹn.”

Irú ojú bẹ́ẹ̀ tún rọrùn fún awọ. Pẹ̀lú ọdún, tàdáwà a máa tàn ká díẹ̀ nínú ara, ìlà tó tẹ́ẹ́rẹ́ yóò nípọn, ààyè tó há yóò dí. Irin tí a fi ìmọ́lẹ̀ bíńtín bíńtín ogún yà yóò di pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀ kí ọdún mẹ́wàá tó pé. Ilà dúdú mẹ́ta àti òkè mẹ́rin tí a dá sí gbọọrọ yóò pẹ́. Ó tún ní òun yóò fi òjìji fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sí awọ lábẹ́ ẹ̀gbà náà, ní apá ìka, kí ó lè dà bí ohun tí ó gùn lé ọwọ́. Ìmọ́lẹ̀ yóò ti òkè wá, bí ìgbà tí ọwọ́ bá rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn yóò máa rí i jù.

Ìyá bi í ní àwọn ìbéèrè tí èmi gan-an ìbá ti bi í. Abẹ́rẹ́ ńkọ́? Ó ní tuntun ni, nínú ọ̀rá tí òun yóò já lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ife tàdáwà. Ẹ má fi eléyìí ṣeré: abẹ́rẹ́ tí ó ti kan ẹlòmíràn lè gbé kòkòrò HIV wọ ara, ó sì lè gbé àrùn ẹ̀dọ̀ tí a ń pè ní hepatitis B. Ó wo ẹ̀yìn etí àbúrò mi, níbi tí ó ti lu ihò yẹtí, bóyá àpá rẹ̀ wú. Kò wú. Àpá wíwú ń bá àwa aláwọ̀ dúdú jà ju àwọn ẹlòmíràn lọ, ẹni tí tirẹ̀ bá ti wú rí kò gbọ́dọ̀ fi tàtú dán an wò. Ó béèrè ọjọ́ orí rẹ̀ pàápàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti mọ̀ ọ́n, kí ìyá lè gbọ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fín tàtú sí ara ọmọdé tàbí láti kọ ọ́ nílà. Ìyá rẹ́rìn-ín sí èyí. Ó ní bí òfin yẹn bá ti wà ní ìgbà tòun, ẹ̀wọ̀n ni olóòlà Ìjemò ìbá kú sí.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ náà ní Èkó ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà. Wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ni ó gbà. Mo jókòó tì í. Àbúrò mi sunkún, a kò gbọ́. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ọwọ́ náà wú, ó ń sun omi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó ń hó bí èèpo àlùbọ́sà, ó sì ń yún un tí kò gbọdọ̀ yún. Nígbà tí oṣù kan pé, ó fi omi ṣan án, ó gbé e sí ojú fèrèsé. Ìyá wa, tí ó ti ń fi ẹ̀yìn kọ ọ́ láti ìgbà náà, rìn kọjá, ó sì padà wá. Ó na ọwọ́, ó fẹ́ gba ẹ̀gbà náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó wò ó. Awọ ni ó bá.

Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù dé ní oṣù Kejìlá, ó gba ohun tirẹ̀, ó sì fi sọ́wọ́ lọ. Ní ọjọ́ kejì, a fi fídíò orí fóònù pe Ìyá Ìjemò. Àbúrò mi gbé ọwọ́ sókè. Ìyá wò ó, ó ní kí ó yí ọwọ́ padà sí apá ọ̀tún, kí ó tún yí i sí òsì. Ó yí i. Idẹ gidi, bí a bá yí i, ìmọ́lẹ̀ a máa sáré lórí rẹ̀. Èyí kò kúrò lójú kan.

“Kò rìn,” ni Ìyá wí.

Àbúrò mi ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá, kì í rìn.”

Ìyá dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó ká apá bùbá rẹ̀ sókè, ó gbé apá sún mọ́ fóònù tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi rí nǹkan mìíràn mọ́. Ó ní kí a bá òun béèrè lọ́wọ́ ọmọkùnrin yẹn bóyá ó lè bá òun tún ìrù alángbá òun ṣe, nítorí ó ti ń parẹ́, àti pé èló ni yóò gbà.